Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Lára Ògiri Yèyé Onílé

Akin ní òun ti rí ilé ní Adó. Ó ní ilé àtijọ́ ni lóòótọ́, pé ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, pé òjò ń kán ní igun kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wọ́n. Ó sọ ọ́ tán, gbogbo yín ń kí i kú oríire. Èmi nìkan ni mo dákẹ́, ẹ sì rò pé inú ló ń bí mi. Kò bí mi. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ló bà mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe "ilé àtijọ́" àti "owó rẹ̀ kò wọ́n" pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orúnkún mi á rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé. Akin, sún síbí, níbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Kí n tó kí ọ kú oríire, jẹ́ kí n ròyìn ilé tí èmi náà gbà nígbà èwe mi.

Arámọkọ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí yìí. Òmìnira ṣì tuntun lẹ́nu wa, kòkó sì ń mú owó wá. Bí ìgbà ìkórè bá dé, òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ló máa ń kí àlejò kí ènìyàn tó kí i. Lọ́rì tó bá ń ti Ẹ̀fọ̀n bọ̀, a ó ti gbọ́ bí ó ṣe ń kérora lórí òkè kí a tó rí eruku rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró tí mo máa ń rántí jù ni ìró odó. Bí oòrùn bá ti rẹlẹ̀ báyìí, àdúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Odó ilé kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé àdúgbò pẹ́ lè dúró sójú ọ̀nà kó mọ ilé tí wọ́n ti gún iyán, kó sì mọ ilé tí ìjà wà láàárín ọkọ àti aya, nítorí ibẹ̀ ni odó kì í ti í dún. Lónìí ńkọ́? Ẹ̀rọ ni, tàbí ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí a ń fi omi gbígbóná rò. Mo ń jẹ ẹ́ o, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iyán tí kò pariwo kó tó dénú abọ́, bí olè ló ṣe ń wọ ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ìró odó tí mo ń yìn yìí kan náà ló sì fẹ́ẹ̀ pa wá.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́ ní Ìjerò. Mo ka ìwé díẹ̀, ìwọ̀n tí mo fi lè kọ orúkọ oníbàárà sí etí aṣọ rẹ̀ kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́. Mo fi Ìlogbò, ìlú wa, sílẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Arámọkọ, mo sì wá yàrá tí èmi àti ìyàwó mi yóò máa gbé. Ìyàwó náà ni ìyá yín tó wà nílé ìdáná yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ wa.

Opó àgbàlagbà kan ló ni ilé náà. Yèyé Onílé ni gbogbo ayálégbé ń pè é. Owó kòkó ni ọkọ rẹ̀ fi kọ́ ọ: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, amọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹfun funfun lóde. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ní ó ń tàn bí eyín ọmọge. Ìgbà tó fi máa kan èmi, eyín náà ti di ti arúgbó. Pánù rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀ a máa bú ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ikán ń gbé inú igi àjà, bí mo bá sì gbé etí lé ògiri, mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun, wọn kì í sì í yó. Yàrá òkè ni mo gbà, nítorí òun ló pọ́ọ́kú jù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ilẹ̀, òkè ni wọ́n máa ń gbé e sí.

Àwa díẹ̀ ni a wà níbẹ̀. Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀, gba yàrá iwájú nísàlẹ̀. Sùfíánù, awakọ̀ lọ́rì, gba ti ẹ̀yìn. Yèyé wà láàárín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la ilé já, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ńlá tó gbé òkè ró, ibẹ̀ sì ni odó ilé wà. Kì í ṣe odó tí à ń gbé kiri o. Ọkọ Yèyé ló rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìdí ilé náà lélẹ̀. Ó ní ilé tí odó rẹ̀ kò bá ṣí kúrò, oúnjẹ kò ní ṣí kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì dùn ún gbọ́. Ohun tí bàbá náà kò rò ni pé bí ọmọ odó bá ti ń bọ́ sínú odó yẹn, ìdí ògiri ló ń gún pẹ̀lú iyán.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri wa lanu. Mo wà lórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí aláǹgbá kan tó wọ ibi tí ògiri ńlá náà ti là nínú yàrá wa. Mo mú bàtà lọ́wọ́, mo ń retí kó jáde. Kò jáde. Ohun tí mo gbọ́ ni igbe Ìyá Bọ́sẹ̀ nísàlẹ̀: "Yéè! Aláǹgbá bọ́ sínú ọbẹ̀ mi!"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá Yèyé níbi tó jókòó sí lórí àpótí rẹ̀.

"Yèyé, ẹ kú ìjókòó. Ògiri yín là."

Kò tilẹ̀ yí ojú. "Ulé àgbàlagbà ni. O rí arúgbó tí ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ ọwọ́ rí?"

"Yèyé, aláǹgbá wọlé lókè, ó jáde nísàlẹ̀."

"Òun náà ń gbé ibẹ̀. Ṣé mo ní kó wá sanwó ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Yèyé."

Ìgbà yẹn ló wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ibi tí ọkọ mi fi mí sí nìyí. Bí ulé yìí bá wó, inú rẹ̀ ni wọn óò ti bá mi. Ìwọ lọ rán aṣọ rẹ."

Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tu ojo nínú nìyẹn! Mo padà sókè. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo ṣẹ́ ẹ ní ìwọ̀n, mo sì fi há ẹnu ibi tí ògiri ti là, kí ó kan ìhà méjèèjì. Èrò mi ni pé bí ògiri bá dúró, ìgbálẹ̀ á dúró. Bó bá tún lanu sí i, ìgbálẹ̀ á já bọ́. Wọ́n ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kì í gbálẹ̀. Wọn kò sọ pé kò lè ṣọ́lé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí, n kò ní bèèrè bí ìyá yín ṣe sùn kí n tó wo bí ìgbálẹ̀ ṣe sùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù náà pọ̀. Bí mo bá fẹ́ sín, mo máa ń sáré jáde síta lọ sín. Mo di ẹrù wa sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán nísàlẹ̀, tí pákó ilẹ̀ yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí erùpẹ̀ ń bù sí wa lórí, èmi á dìde, màá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri, bí ẹni pé ọwọ́ télọ̀ lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró. Wọ́n á gún un tán, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á yó. Èmi tí mo bá wọn ti ògiri á máa làágùn.

Ẹ gbọ́ ìyá yín bí ó ṣe ń pariwo láti ilé ìdáná: "Sọ ti bàtà fún wọn!" Ó dáa. Ó ní kí n sọ fún yín pé mo máa ń ní kó bọ́ bàtà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kó tó gòkè, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí, pé mo sì ní kó máa rora mí. Irọ́ ni ti mímí yẹn. Ti bàtà, òótọ́ ni.

Ẹ óò béèrè pé kí ló dé tí n kò kó jáde. Ó lóyún ni, oyún náà sì ti ga. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìlogbò pé aboyún kì í ti ilé kan kó sí òmíràn kó tó bímọ, kí ọmọ má baà dé kó má bá a nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó fárígá. Ó ní bí mo bá fẹ́ kó, kí n máa lọ, pé òun àti ọmọ ń dúró. Èmi náà dúró. Ènìyàn lè bẹ̀rù ògiri, kó sì tún bẹ̀rù ìyá ìyàwó rẹ̀; n kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹyọ ẹ̀rù kan ni ọkùnrin ní láti ní.

Ohun tó bà mí lórúkọ jẹ́ ni ewúrẹ́ Yèyé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ewúrẹ́ sá wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń fi ẹ̀yìn nu ara ògiri. Èmi tí mo wà lókè gbọ́ ohun tó ń ha ògiri, hà-à, hà-à. N kò dúró wo ìgbálẹ̀. Mo fọn igbe: "Ilé ń wó o! Ẹ jáde!" Mo gbé ìyá yín sọ̀ kalẹ̀ tòun ti oyún. Gbogbo ilé bọ́ sínú òjò. Tíṣà ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ ni, ọṣẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, òjò sì ń ṣàn án wọ ọrùn rẹ̀. A dúró, à ń wo ilé, ilé ń wò wá. Nígbà tó yá, ewúrẹ́ rìn jáde, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì padà síbi tí kò ti sí òjò.

Láti ọjọ́ náà, Sùfíánù kò pè mí ní télọ̀ mọ́. "Ilé-ń-wó" ló ń pè mí.

"Ilé-ń-wó, ẹ káàárọ̀ o. Ìgbálẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"A dúpẹ́. Ẹ bá wa kí i."

Bó ti rí nìyẹn títí ọdún iṣu tuntun fi dé. Ní ilé náà, kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu kan iṣu tuntun kí Yèyé tó tọ́ ọ wò, nítorí òun ni àgbà ilé. Iyán àkọ́kọ́, inú odó tí ọkọ rẹ̀ rì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gún un. Bí ó bá sì ti jẹ ẹ́, gbogbo ayálégbé á gún tiwọn níbẹ̀ kan náà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Onígbàgbọ́ ni Tíṣà, ó ní òun kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n n kò rí ọdún tó jẹ iṣu tuntun ṣáájú Yèyé. Ó ní ìwà ọmọlúàbí ni.

Òjò ọdún náà ti rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mu omi bí ọ̀mùtí. Àárọ̀ ọdún ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Gbogbo ènìyàn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yèyé wọ aṣọ òkè rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri ńlá náà gan-an. Ìyá yín jókòó tì í, ó ń bó iṣu. Sùfíánù àti Ìyá Bọ́sẹ̀ dúró lórí odó, wọ́n ń gún ti Yèyé, ọ̀kan ń sọ ọmọ odó kalẹ̀ bí èkejì ti ń gbé tirẹ̀ sókè, ẹ̀rín sì ń lọ láàárín wọn. Tíṣà gbé abọ́ tánganran lọ́wọ́, ó ń ka orin ìyìn sábẹ́ ahọ́n.

Èmi wà lókè. Mo ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri bí ìṣe mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ara ògiri kò rí bí ó ti máa ń rí. Ó tutù, ó sì rọ̀, bí ara ẹja. Mo bojú wo ibi ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo wolẹ̀, mo rí i lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo mú un, mo fẹ́ dá a padà sáàyè rẹ̀. Kò há mọ́, ọwọ́ mi lódindi ló wọlé. Mo sì rí ìmọ́lẹ̀ níbi tí n kò ti í rí ìmọ́lẹ̀ rí. Láti inú ògiri yàrá mi, mo rí gèlè ìyá yín nísàlẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀. "Ẹ jáde! Ẹ dákun, ilé ń wó!"

Sùfíánù kò tilẹ̀ dá ọwọ́ dúró. "Ilé-ń-wó ti dé! Ewúrẹ́ wo ni lónìí?"

"Ìgbálẹ̀ ti bọ́!"

"Ẹ lọ fi òmíràn sí i," Ìyá Bọ́sẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìgbálẹ̀ pọ̀ nílé."

Mo fa ìyá yín lọ́wọ́. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà. "Jọ̀ọ́, má dójú tì mí lónìí. Ọdún ni." Mo wo Yèyé. Yèyé gbé ojú kúrò lára mi bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Erùpẹ̀ ń dà sórí aṣọ òkè rẹ̀ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́. Ó ń gbọ̀n ọ́n nù. Wọ́n kó iyán náà jáde lódó, ó kúná, ó ń rú èéfín. Tíṣà gbé e síwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò rò ó. Bí mo bá rò ó, n kì bá tí ṣe é. Mo gbé abọ́ iyán náà níwájú Yèyé. Mo bu òkèlè kan, gbígbóná bẹ́ẹ̀, mo jù ú sẹ́nu lójú gbogbo wọn, mo sì sá jáde.

Ẹ kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin tó jẹ iṣu tuntun ṣáájú àgbà ilé, tó tún gbé abọ́ rẹ̀ sá! Sùfíánù lé mi tòun ti ọmọ odó. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń bú mi láti ìran dé ìran. Tíṣà, tí kò ka èèwọ̀ sí, ló wà níwájú wọn. Ìyá yín ń tẹ̀lé wọn, ó ń sunkún ìtìjú, ó di ikùn rẹ̀ mú. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí Yèyé. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo dúró lójú títì, òkèlè ń jó mi lẹ́nu, n kò lè gbé e mì, n kò lè tu ú. Sùfíánù ti gbé ọmọ odó sókè. Ìgbà náà ni Yèyé yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀pá na afẹ́fẹ́: "Ẹ mú un! Ẹ bá mi mú olè uyán mi!" Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìta, ó tẹ ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì.

Ilé náà kò pariwo lákọ̀ọ́kọ́. Ó mí sínú ni. Lẹ́yìn náà ni ògiri àárín jókòó, bí àgbàlagbà tó rẹ̀, ó sì fa òkè tẹ̀lé ara rẹ̀. Yàrá mi bọ́ sórí odó. Pánù kígbe. Eruku jáde wá bá wa lójú títì, ó bo gbogbo wa, a kò rí ara wa mọ́.

Eruku rọlẹ̀. Ọmọ odó ṣì wà lókè lọ́wọ́ Sùfíánù. Ó gbàgbé láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èmi ti jókòó sílẹ̀. Sòkòtò mi tutù. Mo sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé omi òjò ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gbẹ.

Yèyé ń wo ilé ọkọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Odó ńkọ́?" ló béèrè.

Sùfíánù ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré. "Ó wà nísàlẹ̀, Yèyé."

"Kò ṣí?"

"Kò ṣí."

"Ọkọ mi wí bẹ́ẹ̀." Ó fi etí aṣọ òkè nu ojú. Ó wá yíjú sí mi. "Gbé uyán mi wá."

Mo gbé e fún un lórí ìkúnlẹ̀. Eruku ti bò ó bí ẹfun. Ó fi ìka ha á kúrò, ó bù láti ojú ibi tí ọwọ́ mi ti kọ́kọ́ bù, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Àwọn àgbà àdúgbò ti dé nígbà náà, ẹnì kan nínú wọn ń sọ pé èèwọ̀ ni mo ṣe, pé mo ní ohun tí mo máa fi tù ú. Yèyé gbé ọ̀pá sókè sí i. "Ta ló ni ulé? Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ uṣu tuntun wò ni àgbà ulé. Òun ló tọ́ ọ wò. Ẹ kúnlẹ̀ kí i." Sùfíánù awakọ̀ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ilé-ń-wó, ẹ kú ọdún." Kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo wa jẹ iyán eléruku yẹn lójú títì. Ara mi kò yéé gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì lè sọ fún yín pé ó ti dáwọ́ dúró tán. Àwọn akọni máa ń sọ pé ẹ̀rù kì í gba ẹnikẹ́ni là. Akọni tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni ìjà ń gbé lọ. Ìyá yín bí ọmọ wa ní Ìlogbò, lábẹ́ orùlé ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì dé, ó bá a nílé. Yèyé kò tún ilé náà kọ́. Ó gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìjerò títí ó fi lọ, lọ́dọọdún ló sì ń fi iyán iṣu tuntun ránṣẹ́ sí mi kí òun tó jẹ tirẹ̀.

Akin, mo kí ọ kú oríire ilé. Mú ẹyọ ìgbálẹ̀ yìí dání. Wá ibi tí ògiri rẹ ti là, kí o fi há ibẹ̀. Má jẹ́ kí onílé sọ fún ọ pé sìmẹ́ńtì kì í wó.

Ẹ gbọ́ ìyá yín o: "Ẹ má dá a lóhùn! Ọ̀kan wà lára ògiri tí ẹ gbé ẹ̀yìn tì yẹn."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, ó dúró. Ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán, ẹ jẹ́ kí a gbé àga wa bọ́ síta.